Kì í Ṣe Iye Ènìyàn tí a Kí: Àtúnyẹ̀wò Ìwádìí lórí Àbùdá Ìwà àti Ìbápàdé Ojoojúmọ́

Ojúgbà mi kan kọ ọ́ láìpẹ́ yìí pé iye ènìyàn tí a ń bá sọ̀rọ̀ lójúmọ́ tó láti fi wọn ìwà wa: ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ ni ọlọ́yàyà, ẹni tí tirẹ̀ kò pọ̀ kò fẹ́ràn ènìyàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tún ọ̀rọ̀ náà kọ sínú iṣẹ́ wọn, n kò sì lè dákẹ́.

Ẹnu lásán kọ́ ni ó fi sọ ọ́. Ní 1998, Jens Asendorpf àti Susanne Wilpers gbé àbájáde jáde lórí akẹ́kọ̀ọ́ 132 ní Berlin, tí wọ́n tẹ̀lé fún oṣù 18. Ìwà tí akẹ́kọ̀ọ́ gbé wọlé ń sọ bí ojúlùmọ̀ rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó; ojúlùmọ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ìwà padà. Ṣùgbọ́n ìwà lè bí ìbápàdé, kí nǹkan mìíràn náà sì bí i. Asendorpf àti Wilpers gan-an kò da ìtìjú pọ̀ mọ́ ìfẹ́ ẹgbẹ́. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wọ̀n wọ́n.

Ìyàtọ̀ yìí ni ó ká mi lára jù. Láti 1981 ni Jonathan Cheek àti Arnold Buss ti fi hàn pé ìtìjú kì í ṣe àìfẹ́ ẹgbẹ́. Ìfẹ́ ẹgbẹ́ ni pé ó ń wu ènìyàn láti wà láàárín ẹlòmíràn. Ìtìjú ni pé ara rẹ̀ kì í balẹ̀ bí ó bá débẹ̀. Wọ́n mú àwọn obìnrin akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ní méjì méjì. Àwọn onítìjú tí ẹgbẹ́ ń wù ni ara wọn kò balẹ̀ jù: wọn kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n sì ń yẹjú. Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí òde ìnáwó. Obìnrin kan ra aṣọ ẹbí, ó tètè dé, ó jókòó sídìí tábìlì ẹ̀yìn láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó ń wù ú kí wọ́n pè é, ojú ni ó ń tì í. Ẹni tí ó jókòó tì í kò tijú. Ilé rẹ̀ ni ó ń wù ú láti padà sí. Bí a bá fi òǹkà iye ènìyàn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ wọn ìwà wọn, bí ojúgbà mi ṣe fẹ́, òdo ni ti àwọn méjèèjì. Ẹ̀kẹta ńkọ́? Àdáwà ni òun náà fẹ́ràn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé mú un kí tábìlì dé tábìlì kí ó tó bá tirẹ̀ lọ. Òun ni òǹkà yóò pè ní ọlọ́yàyà! Bí a bá gba òǹkà yìí gbọ́, a ó fi ẹni tí ó ń retí ìpè sílẹ̀, a ó ní bí ó ṣe fẹ́ nìyẹn.

Òǹkà ọjọ́ kan kò tilẹ̀ lè sọ irú ẹni tí ènìyàn jẹ́: William Fleeson fi hàn ní 2001 pé ẹnì kan náà a máa ṣe ọ̀yàyà, a sì máa dákẹ́, láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nínú ìwádìí Nicholas Epley àti Juliana Schroeder ní Chicago (2014), àwọn èrò ọkọ̀ tí wọ́n ní kí wọ́n bá àjèjì sọ̀rọ̀ gbádùn ìrìnàjò wọn ju àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n dá jókòó lọ, bẹ́ẹ̀ òdìkejì ni àwọn ènìyàn ń rò tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó dákẹ́ lè kàn máa rò pé òun kò ní gbádùn ọ̀rọ̀ náà; ìdákẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí ìkórìíra ènìyàn.

Bóyá ó yẹ kí n rọra sọ ọ́, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí a ti wádìí. Síbẹ̀, n kò rí ẹ̀rí kankan tí ó lè gbé òǹkà náà ró.

Iṣẹ́ tí mo ń múra rẹ̀ sílẹ̀ báyìí yóò dá lórí àwọn òǹtajà ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Òwò fúnra rẹ̀ ń fi ipá mú òǹtajà pe oníbàárà, kí ó sì dúnàádúrà, yálà ó tijú tàbí kò tijú. Ìbéèrè méjì ni màá kọ́kọ́ bi ẹnì kọ̀ọ̀kan kí n tó ka ìbápàdé rẹ̀ kankan: ṣé ó ń wù yín láti wà láàárín èèyàn, ṣé ara yín sì máa ń balẹ̀ níbẹ̀?