Ọmú Inú Ife: Ìtàn Abiyamọ Òṣìṣẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were. Òwe yìí gbà pé ìyá wà níbi tí etí rẹ̀ ti lè gbọ́ ẹkún. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí láyé àtijọ́: ẹ̀yìn ìyá ni ọmọ máa ń wà ní oko, ní ọjà àti nídìí aró. Ìgbà tí iṣẹ́ ọ́fíìsì, iṣẹ́ olùkọ́ àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gba obìnrin kúrò nílé ni ẹkún ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà sí etí ìyá.

Agolo ni ó kọ́kọ́ dí àlàfo náà. Dókítà Cicely Williams, ọmọ bíbí Jamaica, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Gold Coast, èyí tí í ṣe Ghana òde òní, ní ọdún 1929. Ó kíyè sí àìsàn kan tó ń mú ọmọ wú lẹ́sẹ̀, tó sì ń sọ irun rẹ̀ di pupa. Ó kọ nípa rẹ̀ ní 1933. Ní 1935, ó lo orúkọ tí àwọn Ga ń pè é, kwashiorkor, ìyẹn àìsàn ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú nítorí pé àbúrò rẹ̀ ti dé. Orúkọ náà fi hàn pé àwọn ìyá Ga ti mọ orísun àrùn náà kí dókítà tó dé. Nígbà tí wọ́n gbé Williams lọ sí Malaya ní 1936, ó rí àwọn ìkókó tí wọ́n ń fi wàrà dídùn alágolo tọ́ dípò ọmú, tí wọ́n sì ń kú. Ní 1939, níwájú ẹgbẹ́ Rotary ní Singapore, ó ní ìpànìyàn ni irú ìpolówó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn òmìnira, ìgò àti wàrà onílẹ́búlẹ́bú di àmì ọ̀làjú ní àwọn ìlú ńlá. Ṣùgbọ́n omi kò mọ́ níbi púpọ̀, owó agolo sì wọ́n. Ìyá a máa pò ó ṣàn kó lè pẹ́. Ní 1974, ẹgbẹ́ War on Want ní ìlú Ọba tẹ ìwé The Baby Killer jáde lórí ọ̀ràn yìí. Ní 1977, àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjà Nestlé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1981, ìpàdé Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ìlànà lórí títa wàrà ìkókó: orílẹ̀-èdè 118 gbà á, Amẹ́ríkà nìkan ni ó kọ̀ ọ́. Nàìjíríà sọ ọ́ di òfin kẹ 41 ti ọdún 1990. Ghana ṣe tirẹ̀ ní 2000.

Òfin tó kápá agolo kò dá ìyá padà sílé. Láti 2001 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí ọmú nìkan jẹ́ oúnjẹ ọmọ fún oṣù mẹ́fà. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ti 1974 ń kọ́: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀ ni ìsinmi tó fún abiyamọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ó fún un ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Òfin Ghana ti 2003 fún un ní wákàtí kan. Ẹni tó ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ rò pé ọmọ wà nítòsí. Ní Èkó, ìyá tó kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ kò lè lọ kó sì bọ̀ láàrin ààbọ̀ wákàtí.

Ibẹ̀ ni fífún ọmú pamọ́ ti wọlé. Ní 1989, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF gbé ìgbésẹ̀ mẹ́wàá kalẹ̀ fún ilé ìgbẹ̀bí; ìkarùn-ún ní kí wọ́n kọ́ ìyá bí ọmú rẹ̀ kò ṣe ní gbẹ bí òun àti ọmọ bá tilẹ̀ pínyà. Ọwọ́ lásán tó fún ọmú sínú ife tí a ti fi omi gbígbóná sè ni ẹ̀kọ́ náà. Ife àti ṣíbí ni wọ́n sì fi ń fún ọmọ mu, kì í ṣe ìgò. Àwọn àgbàlagbà kan kọ̀ ọ́. Wọ́n ní ọmú tó kúrò lára ìyá lè ba ọmọ nínú jẹ́, àti pé ọ̀tá lè fi nǹkan sí i.

Ẹ̀rọ ìfúnmú kì í ṣe ohun tuntun. O. H. Needham gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1854. Ọmọ Sweden, Einar Egnell, ṣe èyí tó rọ ọmú lọ́rùn ní 1956. Fún ọjọ́ pípẹ́, ilé-ìwòsàn ni irú rẹ̀ wà, kó tó di ohun tí a ń gbé sínú báàgì. Ìpamọ́ ni ó le jù. Ọmú tí a fún lè wà fún wákàtí mẹ́rin nínú yàrá tí ooru rẹ̀ kò ju 25 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún ọjọ́ mẹ́rin nínú fìríìjì, àti nǹkan bí oṣù mẹ́fà bó bá dì. Yàrá wo ní Kano tàbí Niamey ni kò ju 25 lọ́sàn-án? Bí iná bá sì lọ, kúlà àti yìnyín ló kù. Èyí tó bá ti yọ́ kò gbọdọ̀ tún dì mọ́.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sọ ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ obìnrin di oṣù mẹ́fà ní 2014, fún ọmọ méjì àkọ́kọ́; ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ọ̀sẹ̀ 16 ní 2018. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni èyí kàn. Akọ̀wé ilé iṣẹ́ aládàáni ń wá kọ́lọ́fín tí yóò ti fún ọmú, nígbà mìíràn ilé ìtọ̀ ni ó ń rí. Òfin fún un ní ààbọ̀ wákàtí, kò fún un ní yàrá àti ìlẹ̀kùn. Etí rẹ̀ kò gbọ́ ẹkún ọmọ níbẹ̀; ọmú tó kún, tó ń ro ó, ni ó ń sọ fún un pé àsìkò ti tó.