Pípa Dídán Òróró Lára Ọrun Ọdẹ

Pípa dídán ọrun ni iṣẹ́ tí ọdẹ tàbí ẹni tó gbẹ́ ọrun ń ṣe lẹ́yìn tí òróró tó fi pa igi bá ti gbẹ, kí ara ọrun má baà máa kọ mànà nínú igbó. Òróró ló ń gba igi lọ́wọ́ òjò àti ọ̀rinrin. Àmọ́ bí ó bá ti pọ̀ jù, ara ọrun á máa dán bíi dígí, oòrùn á sì máa ta lára rẹ̀. Ẹran tí kò rí ọdẹ rárá á rí ohun tó bù yẹ̀rì lọ́wọ́ rẹ̀, á sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ìlobùú, tó bá Ìfọ́n-Ọ̀ṣun pààlà nítòsí Òṣogbo, kò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ ọdẹ. Ìlobùú ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n ni ti Orólù. Ìfọ́n jẹ́ ìlú Òrìṣà Olúfọ́n, aláṣọ funfun, ṣùgbọ́n òrìṣà ọdẹ ni Ìlobùú fi lórúkọ. Erinlẹ̀, tí ojúbọ rẹ̀ tó ga jù wà níbẹ̀, jẹ́ ọdẹ aperin nínú ìtàn, bẹ́ẹ̀ ni ó sì tún jẹ́ odò tó ń ṣàn lọ bọ́ sínú Ọ̀ṣun. Pierre Verger, ará Faransé tó kọ̀wé lórí àwọn òrìṣà, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1981 pé ìgbà púpọ̀ ni ọdẹ yìí wá gbèjà àwọn ará Ìlobùú lọ́wọ́ ọ̀tá. Ibi jíjìn kọ̀ọ̀kan nínú odò náà ló ní orúkọ tirẹ̀, Ìbúalámọ sì wà lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé orúkọ yẹn dé Bahia ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ka Ìbúalámọ mọ́ ìdílé Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọdẹ. Ọrun kékeré onírin tí Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ń mú lọ́wọ́ jó níbẹ̀ máa ń dán gbinrin. Òrìṣà ló ni ín, kò sí ẹran tí yóò sá fún un.

Ìbọn ṣakabùlà ti gba ipò ọrun lọ́wọ́ àwọn ọdẹ wa tipẹ́. Samuel Johnson, nínú ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, fi hàn pé ọrun àti ọfà ni wọ́n fi ń jagun kí ìbọn tó dé. Ṣùgbọ́n pákó wà ní ìdí ìbọn náà, ohun tí a ń sọ nípa ọrun sì bá a mu. Kódà, Tru-Oil, òróró tí àwọn agbẹ́run Amẹ́ríkà fẹ́ràn, ìdí ìbọn ni wọ́n dìídì ṣe é fún.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí le díẹ̀ ni pé àwa Yorùbá fẹ́ràn kí igi dán. Kevin Carroll, àlùfáà Kátólíìkì tó bá Bándélé ọmọ Aréògún ará Ọ̀sì ṣiṣẹ́, to ìpele iṣẹ́ ọnà gbígbẹ́ sínú ìwé rẹ̀ ti 1967: ọ̀nà lílé, àlétúnlé, dídán, fífín. Robert Farris Thompson, onímọ̀ iṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà, náà ka dídán mọ́ ohun tí àwọn tó mọ ère í wò ń yẹ̀ wò, nínú àròkọ rẹ̀ ti 1973. Ewé eépín ni gbẹ́nàgbẹ́nà ayé àtijọ́ fi ń gbo igi títí á fi jọ̀lọ̀, nítorí ewé náà ń ha ọwọ́. Ewé yìí kan náà, tí a bá fi ra ojú òróró tó ti gbẹ, á pa dídán rẹ̀. Lójú tèmi, ère yẹ kó dán, ọrun ọdẹ kò yẹ kó dán. Ojú kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ń wò ó.

Ìgalà, ẹtu àti irú ẹran bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dá àwọ̀ pupa mọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n ohun tó bá ṣẹ́ mànà tàbí tó mì kì í bọ́ lójú wọn. Ẹni tó ń fi ọrun dọdẹ sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹran, bíi mítà 20 sí 30, kí ọfà tó lè ṣiṣẹ́. Nítorí náà, kíkun ọrun ní dúdú kò tó: dúdú tó ń dán burú ju igi funfun tí kò dán lọ. Òróró fẹ́lẹ́ máa ń wọ inú igi, ihò kéékèèké ara igi ṣì ń hàn, ìmọ́lẹ̀ tó bá bà á á fọ́n ká. Bí a bá pa á lé ara wọn léraléra, á dí ihò wọ̀nyí, á di awọ pẹlẹbẹ, ìmọ́lẹ̀ á sì ta padà sí ojú kan ṣoṣo. Iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ pa dídán ni láti fi ìlà wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí ha awọ yẹn.

Kí òróró gbẹ délẹ̀ ni àkọ́kọ́. Èékánná kò gbọ́dọ̀ lè tẹ ojú rẹ̀ wọlé. Òróró linseed tí wọn kò fi ohun amúgbẹ sí lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Epo pupa, àdí àti òrí kì í gbẹ ní tiwọn: eruku á máa lẹ̀ mọ́ ọn, ọrun á sì máa yọ̀ lọ́wọ́. Nígbà tó bá gbẹ, tú ọsán kúrò, gbé ọrun lé itan, kí o fi kàn-ìn-kàn onírin tó kúnná jù, èyí tí wọ́n kọ 0000 sí, gbo ó ní gígùn igi láti ibi ìdìmú lọ sí ṣóńṣó. Èyí tí a fi ń fọ ìkòkò le jù. Má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nu eruku funfun tó bá hù, gbé ọrun sínú oòrùn, kí o sì fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó. Kọ́lọ́fín ibi tí ọsán ń há sí àti ẹ̀gbẹ́ ìdìmú ló sábà máa ń ṣẹ́kù. Ẹ̀yìn ọrun, ojú tó kọ sí ẹran, gba sùúrù: ibẹ̀ ló ń nà jù nígbà tí a bá fa ọsán, bí a bá lo sáńpépà tó sì gé fọ́nrán igi níbẹ̀, ọrun lè ṣẹ́. Ìda oyin díẹ̀ lè tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n bí a bá fi aṣọ gbo ó jù, dídán á tún padà. Òógùn ọwọ́ náà á máa mú ìdìmú dán, a ó sì tún un gbo.

Àwọn tó ń ta ọfà sí àmì kò ní wàhálà yìí. Roger Ascham, tó kọ ìwé lórí ọfà títa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1545, ní kí a máa fi aṣọ onírun tí a fi ìda sí gbo ọrun lójoojúmọ́ títí á fi dán.

Àkísà tí a fi pa linseed, ẹ má ká a jọ sínú ṣọ́ọ̀bù. Òróró náà ń mú ooru jáde bó ti ń gbẹ, àkísà tí a rún pọ̀ sì lè gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ẹ tẹ́ ẹ síta títí á fi gan, tàbí kí ẹ rì í sínú omi kí ẹ tó dà á nù.