Iṣẹ́ Tí Wọ́n Rán sí Sẹ́ẹ̀lì

Ẹ̀yin ará, àwọn baba wa máa ń fi àrokò ránṣẹ́ síra wọn. Inú ara wa náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn pròtéènì kan dúró lára sẹ́ẹ̀lì bí aṣọ́nà. Bí iṣẹ́ bá dé pé kó dàgbà, wọ́n á gbé e wọlé. Bí iṣẹ́ náà kò bá dáwọ́ dúró mọ́, sẹ́ẹ̀lì á máa pọ̀ ṣáá, á tún tàn káàkiri. Jẹjẹrẹ nìyẹn.

Lọ́dún 1896, George Beatson, dókítà ní Glasgow, ròyìn pé nígbà tí òun yọ ilé ẹyin obìnrin kan, jẹjẹrẹ ọyàn rẹ̀ sún kì. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń wá! Lọ́dún 1998, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Herceptin, oògùn tó ń dí aṣọ́nà tí wọ́n ń pè ní HER2.

Ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, ọmọ wa tó kọ́ ìṣègùn n'Íbàdàn, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé jẹjẹrẹ ọyàn ọ̀pọ̀ obìnrin Nàìjíríà kò ní àwọn aṣọ́nà wọ̀nyí. Oògùn tó ń dí wọn kò lè ran irú èyí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa ní Lọ́kọ́ja, bí ẹ bá rí kókó lọ́yàn, ẹ má fi pamọ́. Ẹ tètè lọ sí ọsibítù, kí wọ́n mú díẹ̀ níbẹ̀ yẹ̀ wò, kí wọ́n mọ irú èyí tó jẹ́ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀.