Ọmọ Gíà àti Ẹ̀rí Máìlì: Ìtàn Aago Ìwọ̀n-Eré Nínú Píkọ́ọ̀pù Àtijọ́ Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ìfáárà

Ẹ̀rí ni igi lẹ́yìn ọgbà fún òpìtàn. Láìsí ẹ̀rí, ìtàn di àlọ́. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹ̀rí ni ó fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ó ń jẹ́rìí sí. Lára ẹ̀rí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbà gbọ́ láìbéèrè ni nọ́ńbà tí ó hàn lójú aago ìwọ̀n-eré ọkọ̀, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní mítà. Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí aago náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú píkọ́ọ̀pù àtijọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pàápàá Ford F-100, tí wọ́n tà ní ilẹ̀ náà láti ọdún 1953 títí di 1983. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé aago náà kò rí ojú ọ̀nà rí. Ọ̀pá kan tí ń yí nínú ọkọ̀ ni ó ń kà, gíà kékeré kan sì ni ògbufọ̀ láàrin ọ̀pá náà àti aago. Bí ògbufọ̀ bá ṣi ọ̀rọ̀ túmọ̀, ẹ̀rí yóò wọ́, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó pa irọ́.

Láti Ara Òkúta dé Ara Wáyà

Fífi yíyí àgbá kẹ̀kẹ́ ka ọ̀nà kì í ṣe ohun tuntun. Ní sẹ́ńtúrì kìíní ṣáájú ìbí Kristi, Vitruvius ará Róòmù ṣàpèjúwe kẹ̀kẹ́ kan tí àgbá rẹ̀ ń gba ẹsẹ̀ bàtà 12½ ní yíyí ẹ̀ẹ̀kan. Bí ó bá yí ní ìgbà 400, ẹsẹ̀ bàtà 5,000 ti pé, èyí tí í ṣe máìlì kan lọ́dọ̀ àwọn ará Róòmù. Òkúta kan yóò sì já bọ́ sínú àpótí. Ẹni tí ó bá ka òkúta náà ti ka máìlì.

Ṣùgbọ́n mímọ bí ọ̀nà ti jìn tó yàtọ̀ sí mímọ bí eré ti pọ̀ tó. Ní ọdún 1902, Otto Schulze, ará Strasbourg tí ó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, gba ìwé-àṣẹ fún irú aago tí ó wá gbilẹ̀ jù lọ. Wáyà kan ń yí mágnẹ́ẹ̀tì létí ife kékeré kan tí a fi irin fúyẹ́ ṣe. Mágnẹ́ẹ̀tì kò fara kan ife náà, ṣùgbọ́n iná mànàmáná tí yíyí rẹ̀ ń dá sílẹ̀ nínú ife ń fà á láti tẹ̀ lé e. Sípíríǹgì tínrín kan sì ń fà á padà. Níbi tí ìfà méjèèjì bá ti dọ́gba ni ọwọ́ aago yóò dúró sí. Wáyà kan náà yìí ni ó tún ń yí òǹkà máìlì.

Ní oṣù Kẹrin, ọdún 1925, Ford gbé Model T tí ó ní ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù jáde ní iye owó dọ́là 281. Nínú àwọn ọkọ̀ Model T tí a so irú aago yìí mọ́, gíà tí ó wà lára táyà iwájú ni ó ń yí wáyà. Nígbà tí ó yá, àwọn aṣẹ̀dá ọkọ̀ gbé orísun wáyà lọ sí ìdí gíábọ́ọ̀sì, níbi tí ẹrẹ̀ àti òkúta kò ti lè bà á jẹ́. Àǹfààní ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó gbà. Lára táyà iwájú, bí táyà ti tóbi tó nìkan ni ó lè yí ẹ̀rí padà. Ní ìdí gíábọ́ọ̀sì, gíà ẹ̀yìn, èyí tí ó wà láàrin táyà ẹ̀yìn méjèèjì, náà di ẹlẹ́rìí.

Ìyá Gíà àti Ọmọ Gíà

Gíà méjì ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀kan wà lórí ọ̀pá tí ń gbé agbára jáde kúrò nínú gíábọ́ọ̀sì. Èkejì so mọ́ orí wáyà. A lè fi wọ́n wé ìyá ọlọ àti ọmọ ọlọ. Kì í ṣe títóbi ni a fi pe ti àkọ́kọ́ ní ìyá. Òun ni ó ń yí ọmọ. Ìyá gíà ṣòro láti pààrọ̀, nítorí inú ni ó wà. Bóòtì kan péré ni ó sábà máa ń di ọmọ gíà mú láti ìta. Nítorí náà, ọmọ gíà ni àwọn oníṣẹ́ máa ń pààrọ̀.

Láàrin àwọn aṣẹ̀dá ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ó di àṣà pé kí wáyà yí ní ìgbà 1,000 fún máìlì kan. Ẹ jẹ́ kí á wo àpẹẹrẹ kan. Bí táyà bá ń yí ní ìgbà 750 ní máìlì kan, tí gíà ẹ̀yìn sì jẹ́ 3.50, ọ̀pá yóò yí ní ìgbà 2,625. Bí ìyá gíà bá ní eyín 7, eyín 18,375 ni yóò kọjá. Kí wáyà lè yí ní ìgbà 1,000 gééré, ọmọ gíà gbọ́dọ̀ ní eyín 18.375. Kò sí gíà tí ó ní ìdá eyín. Bí a kò bá rí àdán, à fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: eyín 18 tàbí 19 ni ó kù. Bí eré gidi bá jẹ́ máìlì 60 ní wákàtí kan, eyín 18 yóò fi bíi 61 hàn, eyín 19 yóò sì fi 58 hàn. Eyín 18 ni ó sún mọ́ òtítọ́ jù, àṣìṣe rẹ̀ kò sì ní mú awakọ̀ sáré kọjá ohun tí ó rò.

Bí A Ṣe Ń Wá Gíà Tí Ó Yẹ

Ẹni tí ó bá fẹ́ tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe kò gbọdọ̀ gbára lé ìwé nìkan, nítorí ọkọ̀ tí ó ti lo àádọ́ta ọdún ti lè gba ọwọ́ oníṣẹ́ púpọ̀ kọjá. Ó ní láti fi ẹfun sàmì sí táyà àti sí ilẹ̀, kí ó ti ọkọ̀ síwájú títí táyà yóò fi yí lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì wọn ilẹ̀ náà. Íńṣì 63,360 ni ó wà nínú máìlì kan. Bí táyà bá gba íńṣì 84½, yóò yí ní nǹkan bí ìgbà 750. Bí táyà ẹ̀yìn bá ṣe ń yí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹlòmíràn ka iye ìgbà tí ọ̀pá yí: mẹ́ta àti ààbọ̀ túmọ̀ sí 3.50. Lẹ́yìn èyí, kí ó ka eyín ìyá gíà. Àwọ̀ ọmọ gíà oníke lè tọ́ni sọ́nà, ṣùgbọ́n kíka eyín ni ó dájú. Ó sì gbọ́dọ̀ wo ìhà tí eyín dagun sí, nítorí ọmọ tí eyín rẹ̀ kò bá ti ìyá mu yóò jẹ́ kí eyín run.

Ewu Tí Ó Wà Nínú Ẹ̀rí Tí Ó Wọ́

Ká sọ pé ẹni tí ó ra ọkọ̀ inú àpẹẹrẹ yìí fi gíà ẹ̀yìn 3.00 rọ́pò 3.50 kí ẹ́ńjìnnì má baà máa ké jù lójú ọ̀nà márosẹ̀, tí kò sì fọwọ́ kan ọmọ gíà. Wáyà yóò máa yí ní ìgbà 875 péré fún máìlì kan. Òfin ọdún 1974 fi òpin eré sí máìlì 55 ní gbogbo Amẹ́ríkà, kò sì kúrò pátápátá títí di ọdún 1995. Awakọ̀ yìí yóò rí 55 lójú aago, ṣùgbọ́n nǹkan bí 63 ni yóò máa sá. Yóò rú òfin láìmọ̀, ìjìnnà tí ó nílò láti fi dúró yóò sì gùn ju èyí tí ó rò lọ.

Ti òǹkà máìlì tún burú jù bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá rin 100,000 máìlì, 87,500 ni òǹkà yóò kọ. Máìlì 12,500 ti ṣègbé, kò sì sí olè kankan. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1972 ka fífi èrú yí òǹkà máìlì padà sí ẹ̀ṣẹ̀, ó sì béèrè pé kí ẹni tí ń ta ọkọ̀ kọ iye máìlì fún ẹni tí ń rà á. Òfin lè mú ẹni tí ó fi ọwọ́ yí òǹkà sẹ́yìn. Kò rọrùn fún un láti mú eyín gíà tí kò báramu. Ní àfikún, ọ̀pọ̀ òǹkà ayé ìgbà náà kò ní ju nọ́ńbà márùn-ún fún odindi máìlì lọ. Bí wọ́n bá kọjá 99,999, wọn a padà sí òdo. Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ kọ ìtàn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bi gíà àti táyà léèrè kí ó tó gba ọ̀rọ̀ òǹkà gbọ́.

Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé aago ìwọ̀n-eré ń sọ òtítọ́ nígbà tí táyà, gíà ẹ̀yìn, ìyá gíà àti ọmọ gíà bá fohùn ṣọ̀kan. Bí ọ̀kan bá yí padà tí a kò sì tún àdéhùn ṣe, nọ́ńbà yóò ṣì máa hàn gbangba bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi lè tan ni jẹ. Olùkọ́ ìtàn lè lo àpẹẹrẹ yìí láti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n máa béèrè ọ̀nà tí ẹ̀rí gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Olùkọ́ ìṣirò náà lè fi kọ́ni ní ìbáṣe iye sí iye. Ní àsìkò yìí tí kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ wáyà nínú ọkọ̀ tuntun, ìbéèrè náà kò yí padà: ta ni ó ka á, kí ni ó kà, ta sì ni ó túmọ̀ rẹ̀ fún wa?