Nígbà Tí Ìmọ́lẹ̀ Ń Ṣe Alárinà: Ọ̀rọ̀ Wáyà Méjì àti Sólà Ìrẹ̀lẹ̀

 Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tó ń tún ínfátà ṣe níbí ní Ìrẹ̀lẹ̀ gbé bọ́ọ̀dù kan wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Prof, ẹ bá mi wo nǹkan yìí o. Mo fi optocoupler sí i ní àlọ àti àbọ̀, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo ẹ̀ á dákẹ́ pa." Mo rẹ́rìn-ín. Àìsàn yẹn ti pẹ́ láyé.

Ẹ mọ ìdí tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí ọ̀pọ̀ ìlú ní Gúúsù Oǹdó, nílẹ̀ Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ, fi wà láìrí iná ìjọba. Jẹnẹrétọ̀ la kọ́kọ́ sá di. Nígbà tí epo wọ́n, ẹni tó bá rí owó yíjú sí sólà. Kọ̀ǹpútà kékeré kan sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí yóò máa bi bátìrì léèrè: fóòlù rẹ mélòó? Ara rẹ ti gbóná tó? Ṣùgbọ́n bátìrì ńlá, ariwo ínfátà àti àrá àsìkò òjò wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, kọ̀ǹpútà ẹlẹgẹ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí wáyà bá so wọ́n pọ̀ tààrà, ohun tó bá ọ̀kan á bá èkejì.

Lọ́dún 1962 ni Nick Holonyak, ní General Electric l'Amẹ́ríkà, ṣe LED tí ìmọ́lẹ̀ pupa rẹ̀ hàn sójú. Nígbà tó fi máa di 1963, Akmenkalns àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí i pé èèyàn lè fi ìmọ́lẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn láìsí wáyà láàárín. Optocoupler nìyẹn: LED lápá kan, tránsístọ̀ tó ń rí ìmọ́lẹ̀ lápá kejì, nínú ilé dúdú kékeré kan. Alárinà ni, bíi ti ìgbéyàwó àtijọ́, tí ẹbí ọkọ kì í lọ bá ẹbí ìyàwó tààrà. PC817 tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú lè dá 5,000 fóòlù dúró láàárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kì í ṣe pé ó lè gba àrá tó bá sán lu ilé gan-an o. Ìyẹn kọjá agbára rẹ̀.

Àmọ́ àlọ nìkan ni alárinà yìí ń jẹ́, kì í jẹ́ àbọ̀. Wàhálà dé nígbà tí Philips ṣe I2C ní 1982, kí àwọn ẹ̀yà inú tẹlifíṣọ̀n àtàwọn ẹ̀rọ mìíràn lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wáyà méjì péré ni: SDA fún ọ̀rọ̀, SCL fún ìlù tí ọ̀rọ̀ ń tẹ̀ lé. Resistor kan gbé wáyà sókè. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á fà á wálẹ̀. Olùbéèrè àti olùdáhùn jọ ń lo SDA kan náà.

Ẹ wá wo ohun tọ́mọ yìí ṣe. Ẹ̀gbẹ́ kìíní fa wáyà wálẹ̀, LED àkọ́kọ́ tàn, wáyà ẹ̀gbẹ́ kejì náà wálẹ̀. Optocoupler kejì kò mọ̀ pé ohùn ẹnikejì òun lòun ń gbọ́. Ó rò pé ìdáhùn ni, ló bá tan LED tirẹ̀, ó fa ẹ̀gbẹ́ kìíní wálẹ̀. Kódà bí ẹ̀gbẹ́ kìíní bá jọ̀wọ́ wáyà, wáyà ò lè gòkè mọ́. Wọ́n ti di ara wọn mú nìyẹn.

Philips fúnra wọn ló ṣe P82B96 tó tú ìdìmú yìí, ọgbọ́n inú ẹ̀ sì dùn mọ́ mi jọjọ. Nígbà tó bá ń jẹ́ iṣẹ́ fún ẹlòmíràn, kì í fa wáyà délẹ̀ pátápátá. Nǹkan bí 0.8 fóòlù ló ń dúró sí. Ohun tó bá sì wálẹ̀ kọjá nǹkan bí 0.6 fóòlù nìkan ló ń kà sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Nítorí náà kì í gbọ́ ohùn ara rẹ̀ kó tún sọ ọ́.

Ọgbọ́n yẹn la yá. Ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, a fi díódì kan sáàárín tránsístọ̀ optocoupler àti wáyà, kó má lè fà á délẹ̀ tán. A wá fi LM393 ṣọ́nà, kó má tan LED àyàfi tí wáyà bá wálẹ̀ kọjá 0.5 fóòlù. I2C tó ń lo 5 fóòlù ń ka ohunkóhun tí kò tó 1.5 sí ilẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ṣàròyé. SCL kò fún wa ní wàhálà: kọ̀ǹpútà nìkan ló ń lù ú, bátìrì yẹn kì í dá ìlù dúró, alárinà kan ṣoṣo ti tó. Mẹ́ta ni gbogbo optocoupler wa. PC817 máa ń lọ́ra, la bá dín ìlù kù sí 5,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. I2C ò bínú sí ìfàsẹ́yìn.

Lánàá ó tún dé. Bọ́ọ̀dù ń sọ̀rọ̀, inú ẹ̀ ń dùn. Mo yí i padà, mo rí wáyà dúdú kan tó so ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀.

"Kí lèyí?"

"Prof, mo ní kó lè dúró dáadáa ni."

Mo ní kó gé e níwájú mi kó tó gbé bọ́ọ̀dù jáde nílé mi.