Láti Orí Gòjé Dé Sińtẹ́sáísà: Kí Ni Ká Pè É?

Ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan wà nílùú Birmingham, Electric Light Orchestra lorúkọ wọn. Ọdún 1970 ni wọ́n dá a sílẹ̀, òkìkí wọn sì kàn nítorí pé wọ́n da fáyólìn àti sẹ́lò pọ̀ mọ́ gìtá oníná. Nígbà tó fi di 1979, wọ́n ti ní kí àwọn tó ń lo fáyólìn àti sẹ́lò máa lọ sílé. Lọ́dún 1981 ni àwo Time jáde, sińtẹ́sáísà, ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná ṣe ìró, ló sì gba ipò okùn fáyólìn àti sẹ́lò nínú rẹ̀. Ìtàn náà ò gùn. Kí ẹni tó wà ní Lọ́kọ́jà wá fi Yorùbá rò ó fún ará ilé rẹ̀, ibẹ̀ niṣẹ́ wà.

Dùùrù ni ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ sọ síni lẹ́nu, ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ni dùùrù ń ṣe. Èyí tí Dáfídì fi ń tu Sọ́ọ̀lù lára nínú Bíbélì, okùn ló ní. Atẹdùùrù inú ṣọ́ọ̀ṣì ní tirẹ̀ kì í fọwọ́ kan okùn kankan. Pátákó funfun àti dúdú ló ń tẹ̀. Bí mo bá kọ ọ́ pé wọ́n ju dùùrù nù, wọ́n gbé dùùrù, kí ni mo sọ? Ọ̀rọ̀ wa ti kúrò lórí okùn bọ́ sórí pátákó tipẹ́ kí àwọn ará Birmingham tó gbéra.

Gòjé ló yẹ ká lọ bá. Ní Lọ́kọ́jà, níbi tí Odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, tí Òwòrò, Nupe àti Haúsá jọ ń ná ọjà kan náà, kò sẹ́ni tí gòjé ṣàjèjì sí. Goge ni Haúsá ń pè é. Igbá tí wọ́n fi awọ bò ni, okùn kan ṣoṣo tí wọ́n fi irun ẹṣin ṣe ló wà lórí rẹ̀, ọrun ni wọ́n sì fi ń ha á. Nígbà tí Yusuf Ọlátúnjí, Bàbá Lẹ́gbàá, fi ń kọ sákárà, gòjé ti di ti Yorùbá pátápátá. Kí ló dé tí fáyólìn ò fi ní jẹ́ gòjé òyìnbó? Ti sẹ́lò ló fẹ́ ṣòro díẹ̀. Ẹni tó mọ ìlù lè sọ pé kí ó jẹ́ ìyá gòjé, bí a ṣe ní ìyáàlù àti omele. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ìyáàlù ni aṣáájú nínú dùndún, ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ òyìnbó, fáyólìn ló sábà máa ń síwájú, sẹ́lò a máa gbè é nísàlẹ̀. Gòjé ńlá tó o.

Bí a bá fẹ́ kó gbogbo wọn pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, ẹgbẹ́ olókùn ló yá lẹ́nu jù. Àmọ́ ẹ wo ohun tí àwọn ìwé ìròyìn wa tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ máa sọ ọ́ dà: ẹlòmíì á rò pé àwọn tó ń bọ Olókun là ń wí. Orin póòpù tí wọ́n wá ń fi sińtẹ́sáísà kọ náà ńkọ́? Bàbá mímọ́ tó wà ní Róòmù ló máa wá séèyàn lọ́kàn. Mo fara mọ́ orin ẹlẹ́rọ.

Àwọn kan lè fẹ́ pe ti sińtẹ́sáísà ní ìró àtọwọ́dá. Èébú ni mo ka ìyẹn sí, bí ẹni pé ayédèrú ni. Gòjé náà, ṣebí ọwọ́ ló dá a. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé okùn ló ń gbọ̀n lára gòjé, iná mànàmáná ló sì ń di ìró nínú sińtẹ́sáísà. Ẹ̀rọ aṣẹ̀dá-ìró á ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́. Lẹ́yìn náà, ká máa pè é ní sińtẹ́sáísà.

Fókódà ló dùn mọ́ mi jù, ẹ̀rọ tí ẹgbẹ́ Birmingham yìí fi ń mú kí sińtẹ́sáísà sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Ọmọ Yorùbá á ní, “Gángan oníná nìyẹn.” Ó jọ ọ́, àmọ́ òdì rẹ̀ ni. Gángan ò lè pe kọ́ńsónáǹtì, kò lè pe fáwẹ́lì; ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ló ń gbé, etí wa ló ń fi ìyókù kún un. Fókódà ń gba kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ́lì lẹ́nu akọrin, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ń tẹ kíbọọ̀dù ni ohùn wà. Kí akọrin pe igbá sí i, bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ò bá gbọ́ Yorùbá, ìgbà ló lè jáde, ó sì lè jẹ́ igba. Nítorí náà, kí fókódà máa jẹ́ fókódà.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi ń sọ ohun tí wọ́n ṣe pàápàá gba ìṣọ́ra. Sunny Adé, olórin jùjú, náà gba sińtẹ́sáísà láàyè nínú àwọn àwo tó ṣe fún ilé iṣẹ́ àwo orin Island láàárín 1982 sí 1984, tí Martin Meissonnier bá a ṣe kòkáárí wọn, ṣùgbọ́n kò lé gìtá lọ, kò lé gángan. Ó fi kún un ni. Ti Birmingham ni pípààrọ̀. Ẹni tó bá fi “yí padà” sọ ti àwọn méjèèjì ti bo ìyàtọ̀ wọn mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ kíbọọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá ní Lọ́kọ́jà àti Kàbà, ẹ̀yin lẹ mọ orúkọ tí ẹ ń pe bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan láàárín ara yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa, kẹ́ ẹ sì fi àmì sí i.