Orúkọ Gígékúrú Nínú Ìwé Ìbí Ọmọbìnrin

Ní Ìgbẹsà àti agbègbè rẹ̀, láti Lùsádà dé Àgbárá, ilé-iṣẹ́ ti kó oríṣiríṣi èèyàn jọ: Àwórì onílẹ̀, Ègùn, Ìgbò, àti àwọn ará Ṣáínà tó wà ní ọgbà òwò ọ̀fẹ́ Ogun-Guangdong. Kò yani lẹ́nu pé òbí ń wá orúkọ tí kò ní lọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Báyìí ni Tolú, Tèmi àti Sìmi, tó jẹ́ ìpè inú ilé tẹ́lẹ̀, ṣe ń di odindi orúkọ nínú ìwé ìbí ọmọbìnrin. Mo fara mọ́ orúkọ kúkúrú aládùn. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí a gé orúkọ kí a tó sọ ọ́, nígbà tí oríkì, orúkọ kúkúrú tó pé fúnra rẹ̀, wà nílẹ̀.

Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, ya oríkì sọ́tọ̀ kúrò lára àmútọ̀runwá àti àbísọ, ó sì fi hàn pé ti ọkùnrin ń sọ ti akin, ti obìnrin ń sọ ti ìkẹ́. Ẹ wo Àbẹ̀kẹ́: a bẹ̀bẹ̀ kí a tó rí i kẹ́. Àjọkẹ́: tẹbí-tará ló pawọ́ pọ̀ kẹ́ ẹ. Sílébù mẹ́ta péré, ọ̀rọ̀ sì ti parí. Tolú ńkọ́? Tolúlọpẹ́ ń dúpẹ́, Tolúwanimí ń fara fún Olúwa, Tolúlàṣẹ ń jẹ́wọ́ àṣẹ. Tolú nìkan kò tíì sọ ohun tó jẹ́ ti Olú. Nínú ilé, kò séwu, torí ẹni tó ń pè é mọ ìyókù. Ṣùgbọ́n ohun tó bá wà nínú ìwé ìbí ni ilé ìwé, báńkì àti pásípọ́ọ̀tù yóò máa dà kọ, ìyókù yóò sì bá òbí lọ.

Ẹnìkan lè ní kí n wo Ṣadé, olórin tí ayé mọ̀. Helen Fọláṣadé Adú ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní Ìbàdàn ní 1959. Odindi ló ṣáájú. N kò sì sọ pé gbogbo gígé ló ń ba orúkọ jẹ́. Frances Abigail Olúfúnmiláyọ̀ Thomas, tí a bí ní Abẹ́òkúta ní 1900, fi orúkọ òyìnbó méjèèjì sílẹ̀, Fúnmiláyọ̀ ló sì fi lókìkí gẹ́gẹ́ bí ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn obìnrin. Olú kúrò níwájú, ayọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àtakò tó wúwo jù ni pé orúkọ ìyẹ̀wù ni oríkì, tí ìyá fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, pé fọ́ọ̀mù yóò sọ ọ́ di yẹpẹrẹ. Òótọ́ wà níbẹ̀. Síbẹ̀, Asake olórin gbé Àṣàkẹ́, oríkì ìyá rẹ̀, lọ sórí ìtàgé, àwọn ọ̀dọ́ ń kígbe rẹ̀, adùn rẹ̀ kò dín. Ẹ̀yin òbí tó fẹ́ gba ìwé ìbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ Tolúlọpẹ́ tán kí ẹ tó máa pè é ní Tolú. Bí kúkúrú lẹ bá sì fẹ́, ẹ kọ Àjọkẹ́.